Ṣé O Mọ̀? Ìwé Pélébé Tó Gbé Ìgbéyàwó Dé Iwájú Adájọ́

Bí wọ́n bá ti dárúkọ ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin tàbí obìnrin sí obìnrin, ẹ̀sìn àti àṣà ni ọ̀rọ̀ sábà máa ń dà láàárín wa. Nílé ẹjọ́, ibòmíràn ló ń gbà wọlé: ìwé ẹ̀rí ikú, owó orí lórí ogún, ìwé ìgbélùú. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn olùpẹjọ́ ń bèèrè kò ju pé kí ìwé ìjọba sọ ẹni tí wọ́n jẹ́ sí ara wọn.

Ṣé o mọ̀ pé láti ọdún 1970 ni Jack Baker àti Michael McConnell ti lọ bèèrè ìwé àṣẹ ìgbéyàwó ní ìpínlẹ̀ Minnesota, ní Amẹ́ríkà? Akọ̀wé ìjọba kò fún wọn. Wọ́n pẹjọ́, ilé ẹjọ́ ìpínlẹ̀ náà kò dá wọn láre. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti Amẹ́ríkà ní 1972, gbólóhùn kan péré ni wọ́n fi dá a nù, láìjókòó gbọ́ ọ. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Èwo wá ni ti ẹjọ́ tí wọn kò gbọ́ rárá?

Ṣé o mọ̀ pé Netherlands ló kọ́kọ́ fàyè gba ìgbéyàwó yìí lábẹ́ òfin, ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 2001? Ilé Aṣòfin ló ṣe é, kì í ṣe ilé ẹjọ́. Bí aago méjìlá òru ṣe lù ní Amsterdam, olórí ìlú náà, Job Cohen, fúnra rẹ̀ ló so èèyàn mẹ́jọ pọ̀ ní méjì méjì.

Ṣé o mọ̀ pé ọmọ Gúúsù Áfíríkà ló kọ ìdájọ́ tó kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn ní Amẹ́ríkà? Margaret Marshall ni, tó jẹ́ adájọ́ àgbà ìpínlẹ̀ Massachusetts nígbà náà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2003, adájọ́ mẹ́rin fara mọ́ ọn, mẹ́ta kò fara mọ́ ọn. Ọjọ́ 17, oṣù karùn-ún, ọdún 2004 ni ìgbéyàwó bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tó pé 50 ọdún géérégé tí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ fòpin sí yíya ọmọ dúdú àti ọmọ funfun sọ́tọ̀ nílé ìwé.

Ṣé o mọ̀ pé Gúúsù Áfíríkà nìkan ni orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó ní irú òfin yìí? Ìwé òfin ilẹ̀ wọn sọ ní tààrà pé ìjọba kò gbọdọ̀ fi irú ẹni tí èèyàn ń fẹ́ yà á sọ́tọ̀. Lórí rẹ̀ ni Marié Fourie àti Cecelia Bonthuys, obìnrin méjì tó fẹ́ ṣègbéyàwó, dúró títí ilé ẹjọ́ tó ń rí sí ìwé òfin ilẹ̀ fi dá wọn láre ní ọjọ́ kìíní oṣù kejìlá ọdún 2005. Adájọ́ Albie Sachs ló kọ ìdájọ́ náà. Bọ́ǹbù àwọn aṣojú ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà ti gé e lápá ọ̀tún ní Maputo ní 1988, ó sì ti fọ́ ọ lójú kan. Oṣù 12 ni ilé ẹjọ́ náà fún Ilé Aṣòfin láti tún òfin ìgbéyàwó ṣe. Bí gbèdéke bá kọjá, ilé ẹjọ́ ti kọ ọ̀rọ̀ tí yóò wọnú òfin fúnra rẹ̀ sílẹ̀. Ó ku ọjọ́ kan kó pé ni òfin tuntun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ṣé o mọ̀ pé owó orí ló gbé Edith Windsor délé ẹjọ́? Òun àti Thea Spyer ti jọ wà fún ohun tó lé ní 40 ọdún kí Spyer tó kú ní 2009. Wọ́n ti ṣègbéyàwó ní Toronto ní 2007, ṣùgbọ́n ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kò kà á sí opó, ó sì gba dọ́là 363,053 lórí ogún rẹ̀. Windsor borí ní Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní ọjọ́ 26, oṣù kẹfà, ọdún 2013.

Ṣé o mọ̀ pé inú bàálù tó balẹ̀ sí Maryland ni Jim Obergefell àti John Arthur ti ṣègbéyàwó ní 2013? Àìsàn ti dá Arthur dùbúlẹ̀, Ohio, ìpínlẹ̀ wọn, kò sì gbà fún wọn. Ohun tí Obergefell ń bèèrè lọ́wọ́ ilé ẹjọ́ ni pé kí wọ́n kọ orúkọ òun sínú ìwé ẹ̀rí ikú ẹni tí òun fẹ́. Arthur kú ní oṣù kẹwàá ọdún náà. Ní ọjọ́ 26, oṣù kẹfà, ọdún 2015, adájọ́ márùn-ún sí mẹ́rin ní Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sọ irú ìgbéyàwó yìí di ẹ̀tọ́ jákèjádò Amẹ́ríkà.

Ṣé o mọ̀ pé kò sí adájọ́ kan tó tako ìdájọ́ tí ilé ẹjọ́ gíga jù lọ Brazil fi fọwọ́ sí àjọgbé ọkùnrin méjì tàbí obìnrin méjì ní oṣù karùn-ún ọdún 2011? Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ìgbìmọ̀ tí Joaquim Barbosa, adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó ṣe olórí ilé ẹjọ́ náà, ń darí pàṣẹ pé ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ kankan kò gbọdọ̀ lé àwọn tó bá wá ṣe irú ìgbéyàwó yìí padà.

Ṣé o mọ̀ pé láti 1986 ni Chi Chia-wei ti ń bèèrè ẹ̀tọ́ yìí ní Taiwan? Ọdún 2017 ni ilé ẹjọ́ tó dá a láre.

Ṣé o mọ̀ pé ẹni tó borí lè tún pàdánù? Ilé ẹjọ́ Bermuda fàyè gba ìgbéyàwó yìí ní 2017. Àwọn aṣòfin fagi lé e. Àwọn adájọ́ tún dá a padà. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, ìgbìmọ̀ adájọ́ ní London, tó máa ń gbọ́ ẹjọ́ ìkẹyìn láti Bermuda, fara mọ́ àwọn aṣòfin. Ní India, àwọn olùpẹjọ́ kò tilẹ̀ borí rárá: ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, adájọ́ márùn-ún sọ pé iṣẹ́ Ilé Aṣòfin ni, kì í ṣe tiwọn.

Nàìjíríà ńkọ́? Ṣé o mọ̀ pé òfin tí Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2014 la ẹ̀wọ̀n ọdún 14 sílẹ̀ fún ẹni tó bá ṣe irú ìgbéyàwó yìí, àti ọdún 10 fún ẹni tó bá so wọ́n pọ̀ tàbí tó jẹ́rìí sí i? Bí ọmọ Yorùbá méjì bá gbàwé ìgbéyàwó ní London, níbi tí òfin ti gbà á láti oṣù kẹta ọdún yẹn kan náà, ìwé náà di bébà lásán bí wọ́n bá ti balẹ̀ sí Ìkẹjà.

Èrò tèmi rèé: ẹni tó tọ́jú aláìsàn títí tó fi dákẹ́, tí wọ́n jọ kọ́lé, tí wọ́n jọ jẹ gbèsè, kò yẹ kó di àjèjì lójú òfin lọ́jọ́ ìsìnkú. Ìdájọ́ kò lè fi tipátipá yí ọkàn ẹnikẹ́ni padà. Ṣùgbọ́n bí akọ̀wé ìjọba bá bèèrè pé, "Kí ni òkú yìí jẹ́ sí ọ?", mo fẹ́ kó láṣẹ láti kọ ìdáhùn tó jẹ́ òótọ́ sílẹ̀.