Kí ló bá Chianti mu lórí tábìlì Obosi?

Níbi ìgbéyàwó àti ìwúyè ní Obosi, ìlú tó fara ti Onitsha ní ìpínlẹ̀ Anambra, ẹmu ni ọtí àbáláyé. Ṣùgbọ́n wáìnì pupa náà ti di ohun tí wọ́n ń gbé fún àlejò, wọ́n sì máa ń mu ún pẹ̀lú oúnjẹ yòówù tó bá wà nílẹ̀. Bó bá jẹ́ Chianti láti Ítálì ló wà nínú ìgò náà, oúnjẹ kan wà tí yóò gbé e yọ, òmíràn wà tí yóò bà á jẹ́.

Kí ni Chianti?

Tuscany, ní àárín gbùngbùn Ítálì, ni wọ́n ti ń ṣe é. Lọ́dún 1716 ni Cosimo III, olórí Tuscany nígbà náà, pàṣẹ ibi tí ààlà ilẹ̀ Chianti gbọ́dọ̀ mọ. Òfin òde òní ní kí àjàrà Sangiovese kó ìdá 70 nínú 100, ó kéré tán. Ti Chianti Classico, tí àmì àkùkọ dúdú máa ń wà lára ìgò rẹ̀, jẹ́ ìdá 80.

Sangiovese kan lẹ́nu, ó sì ní tannin. Inú èèpo àti kóró àjàrà ni tannin ti ń wá. Bó bá dé ẹnu, yóò so mọ́ pùròtéènì inú itọ́, ẹnu á gbẹ, á sì máa fà bí ìgbà téèyàn jẹ obì. Ọ̀rá ẹran àti iyọ̀ ló ń mú kó rọlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn ará Tuscany fi ń mu ún pẹ̀lú ẹran màlúù sísun.

Isi ewu, nkwobi àti ata

Isi ewu, ìyẹn orí ewúrẹ́, kò jìnnà sí èyí. Wọ́n á se ẹran náà títí yóò fi rọ̀, wọ́n á gé e wẹ́wẹ́. Wọ́n á da omi kán-ún tí wọ́n ti sẹ́ sínú epo pupa, wọ́n á máa rò ó títí yóò fi ki. Ehuru tí Yorùbá ń pè ní ariwo á wọ̀ ọ́, pẹ̀lú ata àti iyọ̀, kí wọ́n tó fi àlùbọ́sà àti ewé utazi sórí rẹ̀. Epo àti ọ̀rá yìí á gba agbára lọ́wọ́ tannin, kíkan wáìnì á sì ṣan epo kúrò lẹ́nu. Nkwobi tí wọ́n fi ẹsẹ̀ màlúù sè náà bá a lọ. Kí alásè ṣáà dín utazi kù, torí ìkorò rẹ̀ máa ń gbè sẹ́yìn ìkorò wáìnì.

Ata ni ọ̀tá.

Èròjà capsaicin inú ata máa ń tan ọpọlọ pé iná ń jó ẹnu, ọtí inú wáìnì sì ń jí ibi kan náà. Chianti, tó sábà máa ń ní ìdá 12 sí 14 ọtí nínú 100, á jẹ́ kí ofe nsala tó ta túbọ̀ máa ta. Ẹmu tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ló yẹ ọbẹ̀ bẹ́ẹ̀: adùn rẹ̀ ń pa ata, ọtí inú rẹ̀ kò sì tíì pọ̀.

Ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù tí ata rẹ̀ mọ níwọ̀n ńkọ́? Ó dára púpọ̀. Tòmátì kan, Sangiovese náà kan, ọ̀kan kò ní bo èkejì mọ́lẹ̀. Wáìnì tí kò bá kan ló máa ń tẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tòmátì.

Ìwọ̀n 16 sí 18 lórí òṣùwọ̀n Celsius ló yẹ kí wọ́n bu Chianti. Ọ̀sán ẹ̀ẹ̀rùn ní Onitsha máa ń kọjá 30, nítorí náà ìgò tó ti pẹ́ lábẹ́ àtíbàbà yẹ kó kọ́kọ́ wọ fìríìjì fún bí ìdajì wákàtí.

Bó bá wá jẹ́ Barolo ni wọ́n gbé wá, ti àjàrà Nebbiolo nìkan, tí òfin ní kó gbó fún oṣù 38 ó kéré tán kó tó dé ọjà, kí wọ́n fi jọ̀lọ́ọ̀fù sílẹ̀. Tannin rẹ̀ le ju ti Chianti lọ; nkwobi ló lè gbà á.