Owó Idẹ Àtijọ́: Yẹ Etí Rẹ̀ Wò Kí O Tó Ná Owó Rẹ

Ẹni tó bá fẹ́ ra owó idẹ ayé Róòmù, orí Késárì tó wà lára rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ wò. Ibẹ̀ gan-an sì ni oníjìbìtì ń fẹ́ kó tẹjú mọ́. Etí owó ló yẹ kó kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Òòlù ni àwọn ará Róòmù fi ń lu owó wọn. Wọ́n á gbé idẹ pẹlẹbẹ sáàárín irin méjì tí wọ́n ti fín àwòrán sí, wọ́n á sì lù ú mọ́lẹ̀. Etí irú owó bẹ́ẹ̀ kì í dọ́gba, ó tilẹ̀ lè sán. Ọ̀pọ̀ ayédèrú, dídà ni wọ́n dà á: wọ́n á tẹ ojúlówó mọ́ ohun rírọ̀, wọ́n á sì da idẹ yíyọ́ sí ojú ihò rẹ̀. Ibi tí apá méjèèjì ohun rírọ̀ náà ti pàdé yóò fi ìlà sílẹ̀ yí etí owó náà ká, afẹ́fẹ́ tó há sínú rẹ̀ yóò sì dá ihò wínníwínní sí i lára, bí ojú ẹni tí ṣọ̀pọ̀ná bá jà. Gbé e sórí òṣùwọ̀n pẹ̀lú: sestertius, owó idẹ ńlá kan, ti àwọn Késárì ìṣáájú máa ń tó nǹkan bíi gíráàmù 25.

Ṣùgbọ́n etí nìkan kò tó. Giovanni da Cavino, ará Padua ní Ítálì, tó gbé ayé láti 1500 sí 1570, fín irin tirẹ̀, ó sì lu owó bíi ti Róòmù. Iṣẹ́ rẹ̀ dára débi pé àwọn mìíràn tún da ayédèrú ayédèrú rẹ̀.

Àwọ̀ ewé tó bo idẹ àtijọ́ ni ẹ̀rí ọjọ́ orí rẹ̀. Ojúlówó máa ń le koko mọ́ idẹ. Nígbà mìíràn, ọ̀dà ni wọ́n ń kun èyí tí kì í ṣe ojúlówó. Bí o bá fi òwú tí o rẹ sínú acetone, èyí tí wọ́n fi ń nu ọ̀dà èékánná, nù ún, ọ̀dà á ṣí. Lọ́dọ̀ wa, ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú la fi ń fọ idẹ kó lè dán. Jọ̀wọ́, má ṣe bẹ́ẹ̀ sí owó àtijọ́. Ẹni tó bá bó àwọ̀ yẹn ti ba owó náà jẹ́, kò sì sí ohun tó lè dá a padà. Àwọn kan tún máa ń fi irin ṣóńṣó gbẹ́ irun àti lẹ́tà tuntun sára owó tó ti pa rẹ́, wọ́n á sì tà á bíi pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe jáde nínú ilẹ̀. Olè ni mo ka ìyẹn sí.

Àwọ̀ ewé kan tún wà tó jẹ́ àrùn. Chloride láti inú iyọ̀ ilẹ̀ máa ń wọ inú bàbà, á sì ba síbẹ̀. Bí ọ̀rinrin àti afẹ́fẹ́ bá dé ibẹ̀, á di lẹ́búlẹ́bú tó ń funfun lọ, á bí ásíìdì tó ń jẹ bàbà tó kù, ìjẹ yẹn á sì tún máa tàn kálẹ̀. Ẹni tó ń gbé ní Èkó, níbi tí afẹ́fẹ́ kì í ti í gbẹ, gbọ́dọ̀ tọ́jú tirẹ̀ sínú ike tó dé pinpin pẹ̀lú ohun tó ń fa omi mu.

Má sì jẹ́ kí wọ́n fi ọjọ́ orí dẹ́rù bà ọ́. Owó idẹ ayé Késárì Constantine ti lé ní 1,680 ọdún, síbẹ̀ ó pọ̀ débi pé èyí tó wọ́pọ̀ nínú rẹ̀ kì í tó ogún dọ́là.

Ohun tó dùn mí jù ni ti ibi tí owó ti wá. Ní 2010, ọkùnrin kan rí ìkòkò owó nínú oko nítòsí Frome, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kò hú u tán, ó ránṣẹ́ pe àwọn awalẹ̀pìtàn. Owó 52,503 ni wọ́n kà. Nítorí pé wọ́n ń kó o ní ìpele-ìpele, wọ́n rí i pé àwọn owó ọba Carausius, tó kẹ́yìn nínú wọn, wà nísàlẹ̀ ọ̀pọ̀ èyí tó dàgbà jù wọ́n lọ. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n da gbogbo rẹ̀ síbẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ní Apamea, ìlú àtijọ́ kan ní Síríà, ńṣe ni àwọn olè ń walẹ̀ kiri nígbà ogun abẹ́lé. Àwòrán sátẹ́láìtì fi ihò wọn hàn jákèjádò ìlú àtijọ́ náà. Ní 2015, Ìgbìmọ̀ Ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fòfin de títa irú ẹrù bẹ́ẹ̀ láti Síríà.

Béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á pé níbo ni wọ́n ti hú u, nígbà wo ló kúrò níbẹ̀, ìwé rẹ̀ dà. Bí kò bá rí ìdáhùn fún ọ, dá a padà fún un.