Rí, Kà, Tú: Ọ̀rọ̀-ìperí fún Àìkọrin Rédíò Ọkọ̀

1.0 Ìfáàrà
Nígbà tí rédíò ọkọ̀ kò bá lo orin inú fíláàṣì, ohun tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ máa ń sọ ni pé 'kò kọrin'. Gbólóhùn yìí tó fún ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, ṣùgbọ́n kò tó fún olùkọ́ tàbí olùtumọ̀ ìwé ìtọ́ni, nítorí pé ó da àbùkù mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ pọ̀. Ẹni tí kò mọ èyí tí ó jẹ́ lè ra rédíò tuntun nígbà tí ó jẹ́ pé fíláàṣì nìkan ni ó yẹ kí ó tún tò. Ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́ta lè yà wọ́n sọ́tọ̀: rí, kà àti tú.

2.0 Àìrí
Rédíò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí fíláàṣì. Bí ihò USB bá dọ̀tí, tàbí bí iná tí ó ń ti ibẹ̀ jáde kò bá tó, rédíò yóò ṣe bí ẹni pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Kí awakọ̀ ki fíláàṣì mìíràn tí rédíò náà ti lò rí bọ̀ ọ́. Bí òun náà kò bá kọrin, ihò ni kí ó yẹ̀ wò. Bí ó bá kọrin, kí ó kọjá sí ìpele kejì.

3.0 Àìkà
Rírí kì í ṣe kíkà. Fíláàṣì ní ètò ìtòfáìlì, tí ó dà bí àtòjọ ìwé ní ilé-ìkàwé: òun ni ó ń fi ibi tí fáìlì kọ̀ọ̀kan wà han ẹ̀rọ. Ọ̀pọ̀ rédíò ọkọ̀ mọ FAT32, tí ó jáde ní 1996, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn kò mọ NTFS tàbí exFAT. Irú rédíò bẹ́ẹ̀ lè sọ pé kò sí fáìlì nínú fíláàṣì tí ó kún fún orin. Àtúntò sí FAT32 ni oògùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí awakọ̀ kọ́kọ́ da àwọn orin náà sórí kọ̀ǹpútà, nítorí pé àtúntò a máa nu gbogbo ohun inú fíláàṣì nù.

4.0 Àìtú
Orin inú fáìlì dà bí ẹrù tí wọ́n dì. MP3, tí ìlànà rẹ̀ jáde ní 1993, ń di orin nípa sísọ ohun tí etí kò ní í fura sí nù. FLAC, ti 2001, ń dì í láìsọ ohunkóhun nù. Rédíò tí ó mọ bí wọ́n ti ń tú MP3 lè má mọ bí wọ́n ti ń tú FLAC. Àmì àìtú ni pé orúkọ orin hàn, rédíò sì fò ó kọjá, nígbà tí ó ń kọ àwọn mìíràn. Fífi '.mp3' rọ́pò '.flac' lẹ́yìn orúkọ fáìlì kò ràn án: pípa àmì ara ẹrù dà kò pa ẹrù dà. Kọ̀ǹpútà ni yóò tún orin náà dì.

5.0 Àkíyèsí
Àmì-orúkọ orin ID3 ti àkọ́kọ́, ti 1996, kò ní àyè fún ẹ, ọ àti ṣ. Nítorí náà, àmì ìbéèrè lè jáde nínú àkọlé orin Yorùbá lójú rédíò. Èyí kò sí lára àbùkù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí pé orin náà yóò dún.

6.0 Ìkádìí
'Àìkọrin' lè máa jẹ́ orúkọ àpapọ̀. Lábẹ́ rẹ̀, kí ìwé ìtọ́ni lo àìrí, àìkà àti àìtú, ní títẹ̀lé ara wọn bẹ́ẹ̀, kí orúkọ àbùkù lè tọ́ka sí àtúnṣe rẹ̀.