Olùkọ́ Elédè Méjì: Ta Ni Ó Dán An Wò?

Nínú oṣù Kọkànlá ọdún 2025 ni Ìjọba Àpapọ̀ kéde pé òun ti fagi lé ètò èdè tí a fi ọwọ́ sí ní ọgbọ̀njọ́ oṣù Kọkànlá ọdún 2022, èyí tí ó ní kí a máa fi èdè ìyá kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí yóò lò ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni a ní kí a máa fi kọ́ni báyìí, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìdí tí Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́ sọ ni pé ibi tí a ti lo èdè ìbílẹ̀ jù ni àwọn ọmọ ti ń fìdí rẹmi jù nínú ìdánwò àṣejáde. Ọ̀ràn ńlá ni èyí, kò sì yẹ kí òbí tàbí olùkọ́ kankan fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un.

Ṣùgbọ́n kí a tó dá èdè lẹ́bi, ó yẹ kí a bi ara wa léèrè: ta ni a rán lọ fi èdè náà kọ́ni, ìwé-ẹ̀rí wo ni ó sì mú dání? Àwọn àgbà wí pé bí ìhòòhò bá ní òun yóò dá aṣọ fún ni, orúkọ rẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ gbọ́.

Láti ọdún 1977 tí Ìlànà Ètò Ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè yìí ti jáde ni a ti ń wí pé èdè ìyá tàbí èdè àdúgbò ni kí a fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọmọ. Ọdún 48 ni ó wà láàrin ìgbà náà àti ìkéde ọdún 2025. Ìwé-ẹ̀rí Girédì Kejì ni ọ̀pọ̀ tíṣà mú wọ iṣẹ́ nígbà kan. Lẹ́yìn náà ni N.C.E. di òdiwọ̀n tí ó kéré jù, òfin ọdún 1993 sì dá ìgbìmọ̀ tí ń forúkọ olùkọ́ sílẹ̀, T.R.C.N., kalẹ̀. Ohun tí ó dára ni gbogbo èyí. Síbẹ̀, ènìyàn lè gba N.C.E., kí ó forúkọ sílẹ̀, kí ó sì wọ kíláàsì kìn-ín-ní ní abúlé tí ọmọ kankan kò ti gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kí ó kọ ojú-ìwé kan ṣoṣo ní èdè Yorùbá. Ẹni tí ó kọ́ Yorùbá gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì mọ èdè náà dájú. Ṣùgbọ́n a kọ́ ọ láti kọ́ni ní Yorùbá ni, a kò kọ́ ọ láti fi Yorùbá kọ́ni ní ìṣirò.

Ẹlòmíràn lè wí pé, kí ni ọmọ Yorùbá ń fi ìdánwò Yorùbá ṣe? Ẹ jẹ́ kí a wo iye kan péré: 45. Ní ẹnu wa, márùndínláàádọ́ta ni. Márùn-ún ni a yọ kúrò nínú àádọ́ta. Ní ojú pátákó, àmì mẹ́rin ni a kọ́kọ́ kọ, kí márùn-ún tó tẹ̀lé e. Ọmọ tí ó gbọ́ àádọ́ta tí ó sì kọ 55 kì í ṣe òmùgọ̀. Olùkọ́ tí kò rí ibi tí àṣìṣe náà ti wá ni yóò nà án lásán. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ tí ó kọ “he” nípa ìyá rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì: “ó” ni a ń pe ọkùnrin àti obìnrin ní èdè wa. Àmì ohùn ńkọ́? Olùkọ́ tí kò lè fi ìyàtọ̀ hàn láàrin ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ lójú pátákó kò lè kọ́ ọmọ láti kà á. Sísọ èdè jẹ́ nǹkan kan. Fífi í kọ́ni jẹ́ òmíràn.

Ní ọdún 1970, Yunifásítì Ifẹ̀, tí a ń pè ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lónìí, bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àyẹ̀wò tí a ṣe fi hàn pé wọn kò rẹ̀yìn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ṣùgbọ́n ẹ kíyèsí ohun tí a fi ṣe é: a kọ ìwé tuntun fún wọn, a dá àwọn olùkọ́ lẹ́kọ̀ọ́, olùkọ́ tí ó mọ Gẹ̀ẹ́sì dáradára ni a sì fi kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì. Ìlànà Ifẹ̀ ni a mú lò; ìpèsè Ifẹ̀ ni a fi sílẹ̀.

Àwọn ẹlòmíràn kò fi ọ̀ràn yìí ṣeré. Ní ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà, olùkọ́ tí yóò fi èdè Sípéènì kọ́ni ní ilé-ìwé elédè méjì ní láti yege nínú ìdánwò gbígbọ́, sísọ, kíkà àti kíkọ èdè náà. Ní California, ìdánwò tí a ń ṣe kan èdè, ọ̀nà ìkọ́ni, àti àṣà àwọn tí ó ni èdè. California kan náà kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ mìíràn: ní ọdún 1998 àwọn ará ìlú dìbò dín irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ kù, ní ọdún 2016 wọ́n dìbò dá a padà, ṣùgbọ́n nígbà tí òfin padà dé, olùkọ́ tí ó ní ìwé-ẹ̀rí kò tó mọ́. Ọjọ́ kan ni a fi ń yí òfin padà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni a fi ń dá olùkọ́.

Nítorí náà, ohun tí a ń béèrè kò ṣòro. Kí ìwé-ẹ̀rí pàtàkì kan wà lórí N.C.E. fún olùkọ́ elédè méjì. Kí a dán an wò nínú Yorùbá kíkọ pẹ̀lú àmì ohùn. Kí a dán an wò nínú Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú ìtara kan náà. Kí ó fi hàn níwájú àwọn olùyẹ̀wò, nínú kíláàsì gan-an, bí a ti ń mú ọmọ láti inú èdè kan bọ́ sí èkejì. Kí owó oṣù rẹ̀ sì fi hàn pé ó ṣe iṣẹ́ kún iṣẹ́. Kí a kọ orúkọ èdè sí ara ìwé-ẹ̀rí náà, kí a má baà rán elédè Yorùbá nìkan lọ sí àárín àwọn ọmọ Ègùn ní Àgbádárìgì.

Bí ẹnikẹ́ni bá wí pé ìkéde ọdún 2025 ti parí ọ̀rọ̀, a ó dá a lóhùn pé ìkéde kò yí èdè tí ọmọ gbé wá láti ilé padà. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá tilẹ̀ di èdè ìkọ́ni, olùkọ́ tí ó gbọ́ èdè méjèèjì dáradára ni yóò lè mú ọmọ náà dé ibẹ̀. Àwọn ìpínlẹ̀ ni ó ń gba olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sí iṣẹ́. Èkó sì ṣe òfin ní ọdún 2018 tí ó sọ Yorùbá di ẹ̀kọ́ dandan ní ilé-ìwé ìjọba àti ti aládàáni. Kò sí ohun tí ó dí wọn lọ́wọ́ láti béèrè irú ìwé-ẹ̀rí yìí.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ yín. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, nígbà tí àwọn tí ń du ipò bá wá sọ fún yín iye ilé-ìwé tí wọn yóò kọ́, ẹ bi wọ́n léèrè ẹni tí wọn yóò fi sínú rẹ̀, àti ohun tí wọ́n ti fi dán an wò.