Ọ̀rọ̀-Ìṣe Kan, Ìtumọ̀ Púpọ̀: Àyẹ̀wò "Put Off"

Olùkọ́ a máa kọ́ ọmọ ilé-ìwé pé "put" ni "fi sí", pé "off" sì ni "kúrò". Ẹ̀kọ́ náà kò burú, ṣùgbọ́n kò tó. Ẹni tí ó bá so méjèèjì pọ̀, tí ó wá rò pé òun ti mọ "put off", yóò ṣìnà. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé irú ìṣòro yìí kì í ṣe àjòjì sí èdè Yorùbá, àti pé inú èdè wa gan-an ni a ti lè rí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo Ìkòsì, níbi tí ọjà Mile 12 ti ń kó onírúurú ènìyàn jọ. Ká ní oníṣòwò tòmátì kan gba ìwé pé wọ́n ti "put off" ìpàdé tí wọn yóò ti pín ìsọ̀. Ohun tí ìwé náà wí ni pé wọ́n sún ìpàdé síwájú. Bí ó bá túmọ̀ rẹ̀ sí pé wọ́n ti wọ́gi lé e, kò ní bèèrè ọjọ́ tuntun, wọn yóò sì pín ìsọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni, ṣùgbọ́n oúnjẹ òòjọ́ ni ó lè bá a lọ.

Ìtumọ̀ náà kò mọ níbẹ̀. Ẹni tí ó pa iná "put off" iná. Awakọ̀ tí ó sọ èrò aláìsanwó kalẹ̀ ní Kétu "put off" rẹ̀. Òórùn ẹja tí ó ti rà a máa "put off" oníbàárà: ó ń lé e sá. Ariwo a máa "put off" ẹni tí ó ń kàwé: kò jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ pa pọ̀. Onígbèsè tí ó ń fòní dónìí, tí ó ń fọ̀la dọ́la, "put off" ẹni tí ó jẹ lówó.

Síbẹ̀, okùn kan so gbogbo wọn pọ̀, òun náà ni "kúrò": ìpàdé kúrò lónìí, èrò kúrò nínú ọkọ̀, ọkàn kúrò lára nǹkan. Ibi tí Gẹ̀ẹ́sì ti rí i pé a gbé ìpàdé kúrò lónìí, Yorùbá rí i pé a sún un síwájú. Ohun kan náà ni àwọn méjèèjì ń wò. Ibi tí wọ́n dúró sí ni ó yàtọ̀.

Kì í ṣe àwa nìkan ni èyí ń yọ lẹ́nu. Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìwé atúmọ̀-èdè rẹ̀ ti ọdún 1755, Samuel Johnson gbà pé irú ọ̀rọ̀-ìṣe báyìí nira gidigidi fún àjòjì.

Ẹ jẹ́ kí a padà sílé wàyí. A mọ "gbà", a mọ "gbọ́". Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá ní "mo gba ọ̀rọ̀ rẹ gbọ́", ìtumọ̀ tí ó jáde kò sí nínú ọ̀kankan wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni "ba ọkọ̀ jẹ́". Àwọn onímọ̀ bíi Bámgbóṣé àti Awóbùlúyì ti tọ́ka sí irú ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó ṣeé là sí méjì yìí. Ẹ tún wo "pa": a ń pa iná, a ń pa irọ́, a ń pa owó, a sì ń pa àlọ́. Kò sí ọmọ Yorùbá tí ó ń bèèrè ibi tí a sin àlọ́ sí.

Ìyàtọ̀ wà ní ti ètò ọ̀rọ̀. Ní Yorùbá, dandan ni kí àbọ̀ wà láàárín: a kì í sọ pé "wọ́n bàjẹ́ ọkọ̀". Ní Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀-orúkọ lè wà láàárín tàbí lẹ́yìn: "put the meeting off" dára, "put off the meeting" náà dára. Ṣùgbọ́n àárín ni ipò arọ́pò-orúkọ: "put it off" ni, kì í ṣe "put off it". Ọmọ tí ó ti mọ "bà á jẹ́" ti mọ ìdajì òfin náà kí ó tó dé ilé-ìwé.

Nítorí náà, ìpàdánù ni tí olùkọ́ bá lé Yorùbá jáde kúrò nínú kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1970, Yunifásítì Ifẹ̀, lábẹ́ ìdarí Babs Fafunwa, bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí a fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàárín àwọn iṣẹ́ yòókù. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Kí olùkọ́ gbé odidi gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì ka iwájú ọmọ, kí ó gbé ti Yorùbá tì í, kí ó sì bi í pé: kí ni ó kúrò, níbo ni ó sì ti kúrò? Ọmọ tí a bá kọ́ báyìí kò ní ṣi ìwé kà lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń pín ìsọ̀.