Ṣé o Mọ̀? Ọ̀rọ̀ Kọ́tábáàkì Tí Wọ́n Ń Sáré Mú

Ṣé o mọ̀ pé nínú bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ jù, ẹgbẹ́ tó bá fìdí rẹmi jù ní sáà kan ni wọ́n ń jẹ́ kó kọ́kọ́ mú nínú àwọn ọmọ yunifásítì? Draft ni wọ́n ń pe ètò náà. Ẹgbẹ́ 32, ìpele méje. Kọ́tábáàkì, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù tó sì ń darí eré, ni ojú gbogbo wọn máa ń wà lára rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé lọ́dún 2000, kọ́tábáàkì mẹ́fà ni wọ́n mú kí wọ́n tó rántí Tom Brady? Ìpele kẹfà, ẹni 199. Super Bowl, ìyẹn ife ìdíje àṣekágbá, méje ló gbà. Joe Montana ńkọ́? Ẹni 82, lọ́dún 1979. Kurt Warner ẹ̀wẹ̀, kò tilẹ̀ sẹ́ni tó mú un: ó ń to ọjà sórí pẹpẹ ní ilé ìtajà kan ní Iowa, kó tó wá gba Super Bowl pẹ̀lú St. Louis ní sáà 1999. Àwọn tó ní ìfiṣòfò ni kéèyàn tètè mú kọ́tábáàkì, orúkọ àwọn wọ̀nyí ló máa ń wà lẹ́nu wọn.

Má tíì gbà fún wọn o. Lọ́dún 1998, Peyton Manning ni ẹni kìíní, Ryan Leaf ni ìkejì, awuyewuye sì wà lórí èwo ló dára jù. Manning gba MVP, àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù, lẹ́ẹ̀marùn-ún. Leaf bẹ̀rẹ̀ ìdíje 21, mẹ́rin péré ló borí. Èyí tó dùn mí níbẹ̀ ni ohun tí San Diego kó sílẹ̀ kí wọ́n tó rí i mú: ipò kẹta tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀, ipò ìpele kìíní ti ọdún tó tẹ̀ lé e, ipò ìpele kejì kan, àti agbábọ́ọ̀lù méjì. Gbogbo rẹ̀ torí àtibọ́ sí ipò kejì!

Chicago tún irú rẹ̀ ṣe lọ́dún 2017: wọ́n fi ipò mẹ́ta kún ẹ̀kẹta kí wọ́n lè dé ìkejì, wọ́n mú Mitchell Trubisky. Patrick Mahomes ṣì wà nílẹ̀. Kansas City mú un ní ipò kẹwàá, wọ́n ní kó jókòó sẹ́yìn Alex Smith, ìdíje kan ṣoṣo ló bẹ̀rẹ̀ ní sáà yẹn. Témi ni pé ilé tí wọ́n gbé ọmọ wọ̀ ṣe pàtàkì ju ipò tí wọ́n ti mú un lọ.

Wo ti 2018. Arizona mú Josh Rosen ní ipò kẹwàá. Ọdún kan péré, wọ́n pààrọ̀ akọ́nimọ̀ọ́gbá, wọ́n mú kọ́tábáàkì mìíràn, wọ́n tà á fún Miami. Sam Darnold, ẹni kẹta, kò rójútùú ní New York. Lọ́dún 2024, ó dé Minnesota, wọ́n sì borí nínú ìdíje 14 nínú 17.

Ṣé o mọ̀ pé owó ibẹ̀ náà ti wálẹ̀? Lọ́dún 2010, ẹni kìíní, Sam Bradford, tọwọ́ bọ̀wé 78 mílíọ̀nù dọ́là fún ọdún mẹ́fà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n ṣe àdéhùn tuntun, Cam Newton sì gba 22 mílíọ̀nù fún ọdún mẹ́rin. Bí ọmọ náà bá mọ̀ ọ́n jù, owó ṣẹ́ kù láti fi ra àwọn tó máa ràn án lọ́wọ́.

San Francisco náà kò gbẹ́yìn: ipò ìpele kìíní mẹ́ta àti òmíràn lórí Trey Lance lọ́dún 2021. Lọ́dún 2023, ipò ìpele kẹrin kan ni wọ́n gbà lórí rẹ̀. Brock Purdy, ẹni 262, ẹni tí wọ́n mú kẹ́yìn pátápátá lọ́dún 2022, ló kó wọn dé Super Bowl.

Síbẹ̀, lọ́dún 2024, kọ́tábáàkì mẹ́fà ló wà nínú ẹni 12 àkọ́kọ́. Kọ́tábáàkì ni ẹni kẹwàá, kọ́tábáàkì mìíràn sì ni ẹni 12. Ta ló wà láàárín wọn? Olumuyiwa Fashanu, tí New York Jets mú. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti dènà àwọn tó fẹ́ wó kọ́tábáàkì mọ́lẹ̀. Ní sáà tó ṣáájú, Aaron Rodgers, kọ́tábáàkì tí Jets fi owó ńlá mú wá, kò tíì ṣe ju eré mẹ́rin lọ nínú ìdíje kan ṣoṣo tí iṣan gìgísẹ̀ rẹ̀ fi já.