Oje Igi Lára Mọ́tò: Ẹ Má Fi Bẹntiróòlù Yọ Ọ́
Ìkìlọ̀ láti ẹ̀ka ìtọ́jú pàjáwìrì, Abẹ́òkúta

Gbogbo ìgbà tí máńgòrò àti kajú bá ń so ni a máa ń rí wọn: ẹni tó gbé mọ́tò sábẹ́ igi ní Ìdí-Abà tàbí Òkè-Ìlewó, tí oje kán sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì tó sì gbẹ mọ́ ọn, tó wá fi ẹnu fa bẹntiróòlù nínú táǹkì láti fi nù ún. Àwọn mìíràn kò gbé epo mì, àkísà tí wọ́n rẹ sínú epo ló gbiná mọ́ wọn lọ́wọ́. Mọ́tò ni wọ́n fẹ́ tún ṣe. Ara wọn ni wọ́n gbé wá fún wa.

Ẹ MÁ FI ẸNU FA BẸNTIRÓÒLÙ

Ẹni tó ti ń fà á láti ọdún pípẹ́ náà wà lára àwọn tí a ń tọ́jú. Bí bẹntiróòlù bá dé ọ̀fun, kò ṣòro fún un láti ṣìnà bọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró, díẹ̀ sì ti tó láti ṣe ibẹ̀ léṣe. Ẹni náà lè máa rìn, kó máa ṣàwàdà, kí èémí rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í há lẹ́yìn wákàtí mélòó kan.

Bí ó bá ti ṣẹlẹ̀:
• Ẹ má fún un ní epo pupa. Ẹ má fún un ní mílíìkì.
• Ẹ má ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lọ́fun pé kó bì í. Bí ó bá ti ń bì ni epo náà tún ń ráyè wọ ẹ̀dọ̀fóró.
• Ẹ bọ́ aṣọ tí epo dà sí, kí ẹ sì fi ọṣẹ fọ ara rẹ̀.
• Ẹ gbé e wá lójú ẹsẹ̀, ìbáà jẹ́ òru. Ẹ má sọ pé ẹ ó wò ó di ọ̀la.
• Ẹ sọ fún wa pé bẹntiróòlù ni. Ẹni tó bá fi pamọ́, tó ní ikọ́ lásán ni, ikọ́ ni a ó kọ́kọ́ máa tọ́jú.

Ẹni tó bá gbọ́dọ̀ gbé epo kúrò nínú táǹkì, kó lo rọ́bà tí a ń fọwọ́ tẹ̀.

INÁ

Oru tó ń jáde lára bẹntiróòlù kò ṣeé fojú rí, ó sì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Ilẹ̀ ló ń rá gbà títí yóò fi kan jẹnẹrétọ̀, ààrò tàbí sìgá ẹni tó jókòó lọ́ọ̀ọ́kán. Bí iná bá jó ènìyàn, ẹ bọ́ òrùka àti aago ọwọ́ rẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí omi tútù máa ṣàn sí ojú iná náà fún 20 ìṣẹ́jú, kí ẹ gbé e wá. Kò sí ẹyin, kò sí ọṣẹ ìfọyín, kò sí ògì.

BÍ A ṢE Ń YỌ OJE

1. Ẹ gbé mọ́tò síbi òjìji, kí bọ́nẹ́ẹ̀tì tutù. Ẹ fi omi ọṣẹ fọ iyanrìn kúrò.
2. Ẹ rẹ aṣọ rírọ̀ sínú omi gbígbóná tí ọwọ́ lè gbà, kí ẹ gbé e lé oje náà fún 5 ìṣẹ́jú. Òróró díẹ̀ náà máa ń rọ̀ ọ́.
3. Bí ó bá ṣì le, ẹ fi sípíríìtì díẹ̀ nù ún. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò níbi tó fara sin. Sípíríìtì náà ń gbiná.
4. Ẹ tún fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́.

Ẹ má fi bíléèdì ha á, ẹ má sì fi tínà kàn án: tínà yóò bó ọ̀dà tí péńtà tún kùn.

OJE LÁRA ÈNÌYÀN

Ẹbí kan náà ni kajú àti máńgòrò. Oje méjèèjì lè bó ènìyàn lára. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Bí ó bá ta sójú, ẹ má fọwọ́ ra á. Ẹ fi omi tó ń ṣàn fọ̀ ọ́ fún 15 ìṣẹ́jú, kí ẹ wá.

Nọ́ńbà pàjáwìrì ni 112. Ẹ ka ìwé yìí fún ọmọ tó ń bá yín fọ mọ́tò, torí òun ni ẹ máa ń rán pé kó lọ fa epo wá.